Bí Ìbínú Ajá Iṣẹ́ Ṣe Ń Dàgbà Lẹ́yìn Géètì, àti Bí A Ṣe Ń Dín In Kù

Ní Bódìjà, Jẹ́ríkò, Akóbọ̀ àti Olúyọ̀lé, ó ṣòro kí ènìyàn rin òpópónà kan já kí ajá ńlá kan má gbó mọ́ ọn láti ẹ̀yìn géètì. Èyí tí ojú mọ̀ jù nínú wọn ni German Shepherd, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn ṣì ń pè ní Alsatian; Rottweiler àti Boerboel náà wà, Malinois sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ra ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí irú ajá bẹ́ẹ̀ fi ń gbéjà ko àlejò, ọmọ aládùúgbò, àti mẹ́gáàdì tí ó ń fún un lóúnjẹ, tí onílé á wá máa sọ pé ajá òun ti ya ìkà. Kò ya ìkà. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, ilé náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ń san owó iṣẹ́ náà fún un láìmọ̀.

Jámánì ni German Shepherd ti wá. Lọ́dún 1899, ọ̀gá ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan tí ó ń jẹ́ Max von Stephanitz ra ajá darandaran kan, ó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ìran ajá náà. Iṣẹ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ ní etí pápá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí àgùntàn má baà ré kọjá sínú oko olóko. Malinois gba orúkọ tirẹ̀ láti ara ìlú Malines ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹran ni òun náà ń dà kí ọlọ́pàá àti ológun tó mọ ìwúlò rẹ̀. Àwọn tí ó sin wọ́n kò wá ajá tí yóò sùn sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìpele ìpele ni ajá fi ń ṣọdẹ: ó ń rí ohun tí ó ń lọ, ó ń tẹjú mọ́ ọn, ó ń yọ́ tẹ̀ lé e, ó ń lé e, ó ń gbá a mú, ó sì ń pa á. Lára ajá darandaran, àwọn tí ó sin wọ́n mú kí títẹjú mọ́ nǹkan àti lílé e lágbára, wọ́n sì jẹ́ kí pípa rọ̀. Nítorí náà, bí ọlọ́kadà bá sáré kọjá, tàbí ọmọdé bá ń gun kẹ̀kẹ́, ara ajá náà ti dìde kí a tó pe orúkọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìbínú, bí ó tilẹ̀ lè di ìbínú.

Ẹnu géètì ni ó ti máa ń di ìbínú. Ọlọ́kadà ń bọ̀. Ajá gbọ́ ìró rẹ̀, ó sáré lọ sí géètì, ó gbó, ọlọ́kadà sì kọjá. Ẹni tí ó ń lọ ni ó ń lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ajá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ajá, gbígbó ni ó lé e lọ. Oníbúrẹ́dì dé, ajá gbó, oníbúrẹ́dì lọ. Ẹni tí ó ń pín bíìlì iná fi ìwé há etí géètì, ajá fi èékánná họ irin, onítọ̀hún yọ ọwọ́ kíá, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ajá náà ti borí ní àìmọye ìgbà, kò sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ajá bá ṣe tí ó sì jèrè lórí rẹ̀ ni yóò tún ṣe, pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àná lọ. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, koríko ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì á kú, ilẹ̀ á sì yọ ní ipa tóóró kan tí ajá ń gbà sáré. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó, ipa yẹn ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Géètì tún ń dí ajá náà lọ́wọ́, ìbínú tí kò rí ẹni tí ó ń wá sì máa ń yà sára ẹni tí ó wà nítòsí. Ìdí nìyí tí ajá méjì tí wọ́n jọ ń gbé fi ń bu ara wọn jẹ lẹ́nu géètì, tí mẹ́gáàdì tí ó fa ọrùn ajá sẹ́yìn fi ń fara gba eyín. Àṣà kí a ti ajá mọ́ inú kéèjì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ń bu epo sí iná náà. Wọ́n ní ó ń mú kí ajá le. Ó ń mú kí ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ láti mọ olè yàtọ̀ sí àbúrò onílé tí ó ti Èkó dé lóru. Ti àwọn tí ó ń fi ata sí oúnjẹ ajá kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń jiyàn lé: inú ríro ni ata ń fún ajá, kò fún un ní làákàyè kankan.

Ẹ̀rù náà wà nídìí ọ̀pọ̀ ìbunijẹ tí a ń pè ní ìgboyà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ajá fi ń kọ́ ohun tí kò léwu láyé: ọmọdé, agboòrùn, ìró jẹnẹrétọ̀, obìnrin tí ó ru igbá. Èyí tí a tì mọ́lé ní gbogbo àkókò yẹn yóò dàgbà tán kí ó tó rí wọn, àjèjì ni gbogbo wọn yóò sì jẹ́ lójú rẹ̀.

Ajá kì í sì í ṣàdédé buni jẹ. Á lá ètè, á yán nígbà tí oorun kò kùn ún, á yí orí kúrò, funfun ẹyinjú rẹ̀ á hàn, ara rẹ̀ á le gbagidi, á kùn, kí ó tó fi eyín kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń na ajá nítorí pé ó kùn kò mú ìbínú kúrò níbẹ̀. Ìkìlọ̀ ni ó mú kúrò. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ pé ó bu àwọn jẹ láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, irú àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí pé egbò inú etí, oríkèé ìdí tí ń dunni àti àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá lè sọ ajá pẹ̀lẹ́ di oníjà. Títẹ akọ ajá lọ́dàá lè dín ìrìnkèrindò rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kì í wo ẹ̀rù sàn.

Lẹ́yìn èyí, kí a dá owó iṣẹ́ náà dúró. Kí a fi páànù bo ojú géètì kí ajá má lè rí títì mọ́, kí a gbé ilé rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó má sì dá wà lẹ́nu géètì lọ́sàn-án. Ajá tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti rí òmíràn, nítorí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wá tirẹ̀. Sísáré nìkan kò tó. Èémí rẹ̀ ni yóò máa gùn sí i. Imú rẹ̀ ni kí a fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́: kí a fọ́n oúnjẹ rẹ̀ sínú koríko tàbí kí a fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ọgbà, kí ó máa fi òórùn wá a. Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta tí ooru Ìbàdàn ń kọjá ìwọ̀n 30, kí ìrìn rẹ̀ parí kí oòrùn tó ràn.

Èyí tí ó gba sùúrù jù ni yíyí ìtumọ̀ ọlọ́kadà padà lọ́kàn ajá. A ó mú un dúró jìnnà sí títì, níbi tí ó ti lè rí ọ̀kadà láìgbó. Bí ọ̀kadà bá ti yọ, kí ẹran máa wọlé sí i lẹ́nu ní gígé kéékèèké. Bí ó bá ti kọjá, kí ẹran dáwọ́ dúró. Ọ̀kadà ni kí ó ṣáájú, kí ẹran tẹ̀ lé e. Bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹran ni ajá yóò máa fura sí. Ajá tí kò gba ẹran mọ́ ti sún mọ́ títì jù, kí a dá a padà sẹ́yìn. Okùn kò gbọ́dọ̀ le. Ajá tí ó lẹ́ni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ, olówó rẹ̀ tí ó bá sì ń fa okùn gbagidi, tí ó ń pariwo, ń sọ fún un pé ogun ti dé. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni yóò gbà, bángà alẹ́ Kérésì kan sì lè dá a padà, nítorí náà kí a jẹ́ kí ajá tí a dá níjì sinmi fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó tún mú un jáde.

Ní gbogbo àkókò yìí, kí ajá tí ó ti bu ènìyàn jẹ rí máa wọ agbọ̀n ẹnu, ìyẹn ohun tí a fi ń bo ẹnu ajá kí ó má baà buni jẹ, èyí tí ó fi ààyè sílẹ̀ láti mí hẹlẹhẹlẹ kí ó sì mu omi. Kí ọmọdé má dá wà pẹ̀lú rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ má sì kọjá àkókò. Bí ó bá ṣì bu ẹnìkan jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, láìfi epo pupa tàbí irun ajá sí i. A kì í sì í pa ajá náà tàbí tà á lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ 10 ni a fi ń tì í mọ́ ibi tí dókítà ẹranko ti lè máa yẹ̀ ẹ́ wò.