Ta ló kọ́kọ́ tọpa fọ́nrán funfun inú ọpọlọ?

Josef Klingler ará Basel ní Switzerland ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa títú fọ́nrán funfun inú ọpọlọ òkú, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ láti apá kan ọpọlọ dé òmíràn. Iṣẹ́ ńlá ni Klingler ṣe ní 1935, àmọ́ òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Niels Stensen ọmọ Dẹ́nmákì ló ni ìpilẹ̀ṣẹ̀, èmi ò sì ní gbà fún ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní 1665, nílé ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Thévenot ní Paris, Stensen dìde láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ọpọlọ. Ó ní ọ̀nà tó dára jù ni kí a tọ fọ́nrán lọ láàárín ọpọlọ títí a ó fi mọ ibi tó gbà àti ibi tó parí sí. Ó fi kún un pé iṣẹ́ náà nira débi pé bóyá ni ó lè ṣeé ṣe láìkọ́kọ́ tọ́jú ọpọlọ náà lọ́nà àkànṣe.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yẹn gan-an ni gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ń dáhùn. Ọpọlọ tútù rọ̀ jù, ó máa ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Raymond Vieussens, oníṣègùn ní Montpellier ní Faransé, wá ń se é nínú òróró kó lè le. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1684. Lójú tèmi, Vieussens ti ka Stensen: èdè Faransé ni wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ náà ní Paris ní 1669, ọdún 15 ṣáájú.

Vesalius, oníṣègùn ayé àtijọ́ tó ń la òkú, tí àwọn kan ń pè ní bàbá iṣẹ́ yìí? Ńṣe ló ń gé ọpọlọ pẹlẹbẹ láti òkè. Kò tọpa fọ́nrán kankan.

Reil, oníṣègùn ní Halle ní Jámánì, lo ọtí líle láti mú ọpọlọ le ní 1809. Lẹ́yìn náà ni awò amóhuntóbi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí Klingler tó gbé yìnyín dé. Yóò rẹ ọpọlọ sínú fọ́málìn (omi oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà), yóò bó awọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, yóò sì jẹ́ kó dì. Bí omi tó dì ṣe ń bẹ́ ìgò nínú fíríìsà, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ṣe ń ti àwọn fọ́nrán kúrò lára wọn. Tó bá yọ́ tán, igi pẹlẹbẹ ló fi ń ká wọn sílẹ̀ ní ìpele-ìpele. Òun àti Ludwig, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé ìwé àwòrán ọpọlọ tí wọ́n tú báyìí jáde ní 1956.

Yaşargil, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọ Tọ́kì, gbé ọ̀nà Klingler dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ yòókù. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, náà ti ń ya ipa fọ́nrán lára alààyè báyìí, ọpọlọ tí a fọwọ́ tú ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.