Ìyá ti mọ ibi tí orí máa wà kó tó yé ẹyin

Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ purotéènì, ẹ̀wà àti ẹran ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Purotéènì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ yàtọ̀ díẹ̀: òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni. Ohun tí mo sì fẹ́ kó yé yín ni pé ibi tí òṣìṣẹ́ yìí bá dúró sí ló ń sọ iṣẹ́ tó máa ṣe.

Ẹ wo eṣinṣin èso, àwọn kékeré tó máa ń rọ́ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù. Ẹyin rẹ̀ gùn tó ìdajì mìlímítà. Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ṣà á, kí n tó fi omi bílíìṣì bó èèpo òde rẹ̀. Kí èèpo yẹn tó ṣí, ẹ ó rí ìwo wẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó yọ síta lápá kan. Apá ibẹ̀ ni orí máa wà, ìhà tí ìwo sì ti hù ni ẹ̀yìn ọmọ. Purotéènì kan tó ń jẹ́ Gurken ló fa ìwo náà: igun kan ṣoṣo ló kóra jọ sí, ó sì sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká pé ẹ̀yìn nìyí.

Nínú ìyá, sẹ́ẹ̀lì kan ló pín lẹ́ẹ̀mẹrin tó di 16. Ọ̀kan nínú wọn ló ń di ẹyin. Alágbàtọ́ ni 15 tó kù, wọ́n ń da oúnjẹ àti àrọkò sí i nínú. RNA ni àrọkò yìí, òun ni sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó mọ purotéènì tó máa ṣe. Iwájú ẹyin ni wọ́n so àrọkò kan tó ń jẹ́ bicoid mọ́. Òmíràn tó ń jẹ́ oskar ń rìnrìn àjò ní tirẹ̀: kinesin, purotéènì alárù kan, ló ń rù ú, tó ń tọ okùn inú ẹyin lọ títí dé ìdí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa kà á. Ibi tí Oskar, purotéènì rẹ̀, bá wà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa di ẹyin tàbí àtọ̀ lọ́la ti ń ṣẹ̀. Lọ́dún 1992, Anne Ephrussi àti Ruth Lehmann darí oskar sí iwájú. Iwájú náà ni irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ hù sí.

Tí wọ́n bá ti yé ẹyin, kíkà bicoid bẹ̀rẹ̀. Purotéènì rẹ̀ ń ràn lọ sẹ́yìn bí aró tí a kán sí etí omi, ó ki níwájú, ó ń ṣàn bó ṣe ń lọ. Kò sí ògiri kankan láàárín àwọn kóró sẹ́ẹ̀lì (àárín tó ń darí sẹ́ẹ̀lì) tó ń pín nígbà náà, nítorí náà kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Kóró kọ̀ọ̀kan ń wo bó ṣe ki tó lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá orí lòun tàbí àyà. Wolfgang Driever àti Christiane Nüsslein-Volhard fi èyí hàn ní Jámánì lọ́dún 1988.

Wọ́n sábà máa ń bi mí pé tí ìyá ò bá ní jíìnì bicoid (ibi tí àrọkò rẹ̀ ti ń wá) tó dáa, ṣé ti bàbá ò lè gbà á sílẹ̀? Kò lè gbà á. Inú ìyá ni wọ́n ti di ẹrù ẹyin, kí àtọ̀ tó dé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ní orí, kì í ní àyà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi abẹ́rẹ́ kán RNA bicoid sí àárín irú ẹyin yìí, àárín náà lorí máa hù sí, àyà á sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀.