Ohun tó wà nínú ìwé tí àwọn ọ̀gá píánò fi ń kọ́ ìka

Sol-fa kan rèé: d m f s l s f m. Lẹ́yìn náà, r f s l t l s f. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí m, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gun píánò lọ kó tó yí padà máa sọ̀ kalẹ̀. Ìdárayá kìíní nínú ìwé Hanon nìyẹn, ìwé ìdárayá ìka 60 tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1873. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láti yàrá kejì lè rò pé ọmọdé ló ń fi píánò ṣeré. Ṣùgbọ́n pàkúté wà níbẹ̀: láàárín d àti m, wọ́n fo r. Bí ọwọ́ bá ń gòkè, ọmọńdinrín òsì àti ìka tó tẹ̀ lé e ló gbọ́dọ̀ ya kí wọ́n tó lè fo àlàfo yẹn. Bí ọwọ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó kan ti ọ̀tún. Ìka méjì tó máa ń ya ọ̀lẹ jù lọ ni ìdárayá náà ń wá kiri.

Hanon fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú-mọ̀-ọ́n-ká atẹpíánò. Olùkọ́ ni ní Boulogne-sur-Mer. Àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká náà kọ tiwọn. Liszt kú ní 1886, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìdárayá rẹ̀ jáde ní apá 12. Ti Brahms jẹ́ 51, ó jáde ní 1893. Ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń dá: wọ́n á yọ egungun inú ẹja, wọ́n á gbé ẹran rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa jẹ egungun.

Nínú gbogbo wọn, ti Alfred Cortot, atẹpíánò ará Faransé, tó jáde ní Paris ní 1928, ló ṣàlàyé ara rẹ̀ jù. Ó pín wàhálà píánò sí márùn-ún: kí ìka kọ̀ọ̀kan dá dúró; bí àtàǹpàkò ṣe ń gba abẹ́ ìka yòókù kọjá; títẹ ohùn méjì pọ̀ lọ́wọ́ kan; yíya ọwọ́; àti iṣẹ́ ọrùn ọwọ́. Bí orin kan bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu, ó yẹ kó lè mọ èwo nínú márùn-ún ló ń yọ òun lẹ́nu.

Ti àkọ́kọ́ ló le jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ bọ́tìnnì márùn-ún mọ́lẹ̀ pọ̀, á dì wọ́n mú, ìka kan ṣoṣo á wá máa gòkè máa sọ̀. Ẹni tí kò ní píánò lè dán an wò lórí tábìlì: ká ìka àárín sínú, kó o tẹ́ ìka yòókù sílẹ̀, kó o wá gbé ìka tí wọ́n ń fi òrùka sí sókè. Kò ní fẹ́ gbéra. Ní ẹ̀yìn ọwọ́, iṣan tó ń gbé e sókè so mọ́ ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Kò sí ìdárayá tó lè já ìso yẹn. Ohun tí ìdárayá ń ṣe ni pé ó ń kọ́ ìka láti lo ìwọ̀nba àyè tó ní, láìfi ipá ṣe é. Ẹni tó bá ń fi ipá ṣe é títí ọwọ́ fi ń dun ún ti kúrò nínú ẹ̀kọ́, ó ti wọ inú ìpalára.

Kíì, ìyẹn ohùn tí a fi ṣe d orin, ni ohun mìíràn tí kì í hàn lójú ìwé. Ìlà kan péré ni Cortot máa ń kọ, á ní kí wọ́n gbé e lọ sí kíì yòókù, ìka tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n á fi parí. Ní kíì C, àtàǹpàkò wà lórí bọ́tìnnì funfun, ara rọ̀ ọ́. Ní B-flat, ó bọ́ sórí dúdú, gbogbo ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ sún wọ inú, ọrùn ọwọ́ á gòkè díẹ̀. Ìlà kan náà ti di iṣẹ́ mìíràn. Atẹdùrù ìjọ tí akọrin dá orin ní D-flat fún lójijì mọ ìyà tí à ń sọ yìí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló gbà pé kí ìka márùn-ún dọ́gba o. Kalkbrenner, gbajúgbajà atẹpíánò, wà lára àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀: ní 1831, ó gbé ìwé kan jáde ní Paris pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n ń gbé síwájú píánò, kí apá lè sinmi lé e, kí ìka nìkan máa ṣiṣẹ́. Ọdún yẹn náà ló ní kí Chopin, atẹpíánò àti olórin ọmọ ọdún 21, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun fún ọdún mẹ́ta. Chopin kò lọ. Nígbà tí òun náà gbé kálámù láti kọ ìwé tirẹ̀, ohun tó kọ ni pé ìka kọ̀ọ̀kan ní bí a ṣe dá a, kí ènìyàn má ba adùn tirẹ̀ jẹ́. Ó ní kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí E, F-sharp, G-sharp, A-sharp, B: ìka mẹ́ta tó gùn bọ́ sórí dúdú, àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín tó kúrú wà lórí funfun. Kò parí ìwé náà kó tó kú ní 1849. Ọwọ́ Cortot ni àwọn ìwé àfọwọ́kọ náà padà bọ́ sí, òun ló sì tẹ̀ wọ́n jáde.