Ṣé ìtọ́kọ̀ tí a ti gbé sókè kò tún lè já bọ́?

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ti há sókè, kò lè já bọ́ mọ́."

Ohun tí àbúrò kan sọ fún mi nìyẹn létí omi Eléyelé, níbi tí wọ́n sé odò Ọ̀nà sí ní 1942. Katamaráànì kan, ọkọ̀ ìgbòkun alára méjì, tí wọ́n gbé wá láti Èkó la jọ ń tò. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì pé tí mo fi gbọ́ "gbà!" lórí kọnkéré. Ìtọ́kọ̀ ọ̀tún ti já wálẹ̀. Etí rẹ̀ kán tó ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, irin tó gbé e dání sì sán.

Mi ò bá àbúrò náà wí, torí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa.

Ẹni tó bá ti ka Jákọ́bù 3:4 mọ ìtọ́kọ̀: pákó pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a fi ń darí rẹ̀. Méjì ni ti katamaráànì, nítorí ara méjì ló ní. (Èdè Tamil ni orúkọ yẹn ti wá, "igi tí a so pọ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀.) Ọ̀pá gbọọrọ kan ló so ìtọ́kọ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí. Lára ọkọ̀ bíi Hobie 16, tí Hobie Alter ará California ṣe, ìtọ́kọ̀ yìí máa ń ṣẹ́ sẹ́yìn, á sì lọ sókè bí ó bá gbá iyanrìn. A tún lè fọwọ́ gbé e sókè.

Lóòótọ́, ó ní ohun tó ń tì í pa. Ṣùgbọ́n torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é: kí omi má baà tì í sókè nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá gbá nǹkan. Ohun tó ń dì í mú lókè kò tó nǹkan rárá, pàápàá bí irin rẹ̀ bá ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ gan-an ni jìgìjìgì pọ̀ sí. Ọkọ̀ tó tó kílò 145 ń gun òkúta lórí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń tì í. Ẹnì kan dúró sórí aṣọ tí wọ́n ta sáàárín ara méjèèjì, ó ń gbé òpó ìgbòkun tó gùn tó mítà mẹ́jọ nàró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì gbá ọ̀pá tó so ìtọ́kọ̀ pọ̀ láìmọ̀. Okùn ìgbòkun náà lè kọ́ ọ̀pá yẹn.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Ìbàdàn. Awakọ̀ Micra tó páàkì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Àrẹ̀ mọ̀ pé gíà nìkan kò tó. Òkúta ló ń wá sẹ́yìn táyà.

Òkúta ti ìtọ́kọ̀ ni okùn rọ́bà, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù. Ẹ gbé ìtọ́kọ̀ sókè tán, ẹ fi okùn náà kọ́ ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀, ẹ fà á le mọ́ irin ìdábùú ẹ̀yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di pákó kọ̀ọ̀kan mú kí ẹ fi tagbára tagbára mì ín. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ tún un so. Bó bá jẹ́ títì lẹ wà, ẹ tú ìtọ́kọ̀ kúrò pátápátá, ẹ gbé e sínú mọ́tò.

Ẹ kọ imú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ kí ẹ tó ta ìgbòkun, nítorí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá tì sẹ́yìn níbi tí omi ò ti jìn lè fi ìtọ́kọ̀ gúnlẹ̀, kí irin ṣẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé okùn náà síbẹ̀. Ọkọ̀ tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lókè, afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ fún un. Bí omi bá ti dé itan, tó ti jìn ju pákó náà lọ, ẹ tú u, ẹ sọ ìtọ́kọ̀ méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n tì. Bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, èyí tí ẹ dì mú láti fi yí i, bá wá ń wúwo bí ìgbà tí èèyàn ń fa ẹrù, ẹ má bá a jà. Ọ̀kan ti tú, ó ti gbéra sókè díẹ̀. Ẹ bojú wẹ̀yìn.