Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ìṣirò pe ìró èdè Lituéníà

Bí ará Lituéníà, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, bá kọ aukštas sílẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló ṣeé kà níbẹ̀. Tí ohùn bá tẹ̀ mọ́ a, tó wá ń rọlẹ̀ bọ̀ sórí u, "gíga" ni. Tó bá jẹ́ orí u ni agbára wà, àjà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ìwé atúmọ̀ èdè a máa kọ ọ́ ní áukštas àti aũkštas, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn àti lẹ́tà kì í fi àmì sí i rárá. Ẹni tó bá ti ka ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láìsí àmì lórí fóònù mọ irú ìnira tí èyí jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí yóò bá sọ èdè yìí gbọ́dọ̀ lè pe au lọ́nà méjèèjì, ìṣirò ló sì ń gbà ṣe é.

Agogo ló rọrùn jù láti fi yé e. Nígbàkígbà tí tán-án-ná, ìṣẹ́po ẹran méjì tó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun, bá pa dé, bí ẹni lu agogo lẹ́ẹ̀kan ni: ọ̀fun àti ẹnu á dún, ìró náà á sì máa kú lọ títí ìlù mìíràn yóò fi bọ́ sí i. Fáwẹ́lì kan jẹ́ agogo mélòó kan tí a lù pa pọ̀. A ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí: A·e^(−at)·sin(2πft + φ). A ni agbára, t ni àkókò, f ni iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan (Hz), a inú ìṣirò yìí (kì í ṣe fáwẹ́lì a) ni bó ṣe ń yára kú tó, φ sì ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ìró gidi máa ń gòkè díẹ̀ kó tó rọlẹ̀, a máa ń fi pólínómíà kékeré ti t (àròpọ̀ t, t² àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) rọ́pò A. Nínú fáwẹ́lì a tí ọkùnrin pè, agogo tó le jù sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 700 Hz àti 1,200 Hz. Nínú u, wọ́n á wálẹ̀ sí bíi 300 àti 800.

Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ ní nọ́ńbà 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tí tán-án-ná sì ń pa dé ní ìgbà 100, ìyípo kan, láti ìlù kan sí èkejì, jẹ́ nọ́ńbà 441. Àárín fáwẹ́lì, níbi tí ohùn ti dúró ṣinṣin, ni a ti ń gé e. Ojú kan náà nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ bọ́ sí, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, etí á gbọ́ "kọ́!" níbi tí a ti so wọ́n pọ̀.

Wíwá f àti a inú ìṣirò náà ló gba ọgbọ́n. Ọ̀nà Levenberg àti Marquardt, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1944 àti 1963, ni a sábà ń lò láti wá nọ́ńbà tó bá ìró gidi mu jù: ó ń fi ìṣísẹ̀ kékeré rìn níbi tí ojú ọ̀nà kò dán, ó sì ń sáré nígbà tó bá ti sún mọ́ ìdáhùn. Ó fẹ́ kí a fi ibi tó dára bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ wo orí òkè inú àwòrán Fourier, èyí tó ń fi bí ìró ṣe lágbára tó ní f kọ̀ọ̀kan hàn, kí ẹ ti ibẹ̀ mú f tí ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, agogo méjì á fún mọ́ orí òkè kan ṣoṣo, tàbí kí nọ́ńbà a di òdì, kí ìró sì máa wú dípò kó kú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n máa ń ṣírò ìyípo kan bí ẹni pé ìdákẹ́jẹ́ ló ṣáájú rẹ̀. Agogo tí fífẹ̀ rẹ̀ (ìyẹn nọ́ńbà a tí a fi π pín) jẹ́ 50 Hz ṣì ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìlù kejì dé, nítorí e^(−π·50·0.01) jẹ́ 0.21. Ìrù ìlù àná gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò ti òní.

Láti mú ìró jáde, a óò tún àwọn agogo náà lù. Bí gbogbo ìlù bá bára dọ́gba, ohùn á máa kùn bíi jẹnẹrétọ̀; ẹ jẹ́ kí gígùn ìyípo àti agbára ìlù máa yí díẹ̀díẹ̀. Ní ti au, ẹ má ṣe dín ìgbì a kù kí ẹ máa fi ti u kún un, torí pé fáwẹ́lì méjì ni etí á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn f gan-an ni kí ẹ fà láti 700 sí 300, àti láti 1,200 sí 800. Fún áu, ẹ fún a ní ìlù tó pọ̀ tó sì le, kí f tó sáré sọ̀kalẹ̀. Fún aũ, ẹ tètè kúrò lórí a, kí ẹ jẹ́ kí ìlù le lórí u, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìdúró àti agbára ló ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, kì í ṣe gíga ohùn nìkan.

Ọ̀nà kan náà ni l, m, n, r àti j (tí wọ́n ń pè bíi y) ń gbà. Ti s àti š (bíi ṣ) yàtọ̀: ariwo afẹ́fẹ́ tí kò ní ìyípo ni, nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tí a sẹ́ ni a fi ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì ibẹ̀ tún ní èyí tó rọ̀ (tí ahọ́n gòkè sí àjà ẹnu, bíi pé y wà lẹ́yìn rẹ̀) àti èyí tó le, ìbẹ̀rẹ̀ fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e sì ni etí ti ń mọ̀ ọ́n, nítorí f kejì (èyí tó wà ní 1,200 nínú fáwẹ́lì a) máa ń ti òkè bọ̀ lẹ́yìn èyí tó rọ̀.

Iye àṣìṣe tó kéré lórí ìwé kò tó fi yangàn. Ẹ mú àwọn tó gbọ́ èdè náà láti kékeré, ẹ lu áukštas àti aũkštas sí wọn létí láìtò wọ́n, kí wọ́n sọ èwo ni gíga, èwo ni àjà ilé.