Ojú Kì í Ro Nǹkan Pọ̀: Bí A Ṣe Ń Yọ Iye Àpapọ̀ Jáde Nínú Ìṣàfarawé Semiconductor

Bí a bá ṣe ìṣàfarawé (simulation) transistor tàbí diode, àwọn ohun èlò iná kéékèèké tí wọ́n fi semiconductor ṣe, lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán tó ń jáde máa ń wuni: pupa níbi tí electron ti pọ̀ gan-an, búlúù níbi tí wọ́n ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ń wò ó á rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Àmọ́ ohun tí ẹni tó fẹ́ lo èsì náà ń wá kò sí nínú àwọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ pé electron mélòó ló wà níbẹ̀ lápapọ̀, mélòó ló ń ṣègbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àti iná tó pọ̀ tó wo ló ń jáde. Ojú ò lè ro ìyẹn pọ̀, torí pé láti àwọ̀ kan sí èkejì, iye lè ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìlà pupa tín-ín-rín tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí lè ní electron ju gbogbo ibi tó kù nínú àwòrán náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú èsì. Ó máa ń na àwọ̀n bo ohun èlò náà, kókó àwọ̀n, ìyẹn ibi tí okùn rẹ̀ ti so pọ̀, nìkan ló sì ti mọ iye electron. A mọ̀ọ́mọ̀ máa ń ṣe ojú àwọ̀n kí ó há níbi tí nǹkan ti ń yí padà kíákíá, kí ó sì fẹ̀ níbi tó pa rọ́rọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ro iye gbogbo kókó pọ̀, tó wá fi iye kókó pín in kó lè rí ìwọ̀n àárín, ti ṣìnà. Àwọn kókó tó kóra jọ sí igun kan ṣoṣo ló máa borí gbogbo ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a fún kókó kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, ìyẹn gbogbo àyè tó sún mọ́ ọn ju bó ṣe sún mọ́ kókó mìíràn lọ. Ẹ fi iye tó wà ní kókó náà sọ ìpín rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìpín yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ìṣàfarawé fi ń yanjú ìṣirò wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe àròpọ̀ ọ̀hún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe dípò rẹ̀ ni pé wọ́n á gbé èsì náà sórí àwọ̀n tuntun tí ojú rẹ̀ dọ́gba, wọ́n á sì fa ìlà tààrà láti iye kan sí èkejì. Ẹ ní sùúrù ká ṣírò rẹ̀. Ká ní iye electron ń fi ìlọ́po 2.718 dínkù ní gbogbo 2 nm (nm kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù mítà kan) láti ojú silicon, ìyẹn semiconductor tí wọ́n fi ṣe ohun èlò náà, lọ sínú. Bí kókó bá jìnnà síra ní 2 nm, àròpọ̀ yín á fi bíi 8% lé. Ní 4 nm, á lé ní 31%. Ní 8 nm, ó ti ju ìlọ́po méjì òótọ́ lọ, síbẹ̀ àwòrán náà ò ní yí padà lójú yín. Bó bá di dandan kí ẹ lo irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, log (logarithm) iye náà ni kí ẹ fa ìlà tààrà láàárín rẹ̀, kì í ṣe iye fúnra rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ ibi tí silicon ti pàdé oxide, ìpele tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Kókó tó wà lórí ààlà yẹn ní iye méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí electron tó ń rìn káàkiri nínú oxide. Bí ẹ bá fa ìlà kọjá ààlà náà, ẹ̀ ń ba iye jẹ́ níbi tó ti ga jù lọ.

Ìṣàn iná ní tirẹ̀ kò sí ní kókó rárá. Orí okùn tó so kókó méjì pọ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, ní ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ méjì, Scharfetter àti Gummel, gbé jáde ní 1969. Àwọn ọfà tí ẹ ń rí nínú àwòrán, ńṣe ni wọ́n dá wọn padà sí kókó kí ojú lè rí wọn. Ẹ má fi wọ́n ṣírò iná tó ń jáde. Iye tí irinṣẹ́ kọ sílẹ̀ fún contact kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tí iná ti ń wọ ohun èlò náà tàbí tó ti ń jáde, ni kí ẹ mú.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n rọrùn, àmọ́ ó ti da iṣẹ́ púpọ̀ rú. Ìṣàfarawé máa ń lo µm (ìdá mílíọ̀nù mítà kan) fún gígùn, cm⁻³ (iye tó wà nínú cm³ kan) sì ni fún iye electron. Bí ibì kan bá gùn ní 1 µm, tó ga ní 0.1 µm, tí electron rẹ̀ jẹ́ 10¹⁸ cm⁻³, ẹ̀ ń rò ó pọ̀ lórí 10⁻⁹ cm², ìdáhùn sì jẹ́ 10⁹ fún cm kan. Bí jíjìn rẹ̀ bá jẹ́ 1 µm, electron 10⁵ ló wà níbẹ̀. Bí ohun èlò náà bá rí roboto, tó jẹ́ ìdajì rẹ̀ nìkan lẹ yà, ẹ gbọ́dọ̀ fi 2πr (r ni bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn) sọ iye kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ kí ẹ tó ro wọ́n pọ̀.

Mi ò kì í fi èsì kankan ránṣẹ́ láì wò bóyá ó bá ara rẹ̀ mu. Nínú diode tí nǹkan ti dúró sójú kan, iye electron tó wọlé, tí a yọ iye tó jáde kúrò nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá iye tó pàdé ihò (hole, àyè tí electron kan ti ṣófo) tó sì parẹ́ mu. Ẹ fi 1.602 × 10⁻¹⁹ C sọ àròpọ̀ ìparẹ́ yẹn di púpọ̀, kí ẹ fi wé ìyàtọ̀ ìṣàn electron láàárín àwọn contact. Ìgbà kan wà tí méjèèjì kọ̀ láti dọ́gba fún ọjọ́ méjì gbáko lọ́wọ́ mi. Ìparẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ lójú silicon gan-an ni mo gbàgbé láti kà. Kì í sí nínú àròpọ̀ ti inú, orí ààlà ni wọ́n ti ń ro ó pọ̀ lọ́tọ̀.

Èyí tó le jù ni àpapọ̀ ẹrù iná (charge), torí pé ìyàtọ̀ kékeré láàárín àwọn iye ńláńlá ni. Bí fáìlì tí ẹ gbé jáde bá kọ nọ́ńbà 6 péré, bíi 1.23456 × 10¹⁷, ẹyọ kan níbi nọ́ńbà tó kẹ́yìn ti tó 10¹² cm⁻³. Ohun tó bá kéré sí ìyẹn ti sọnù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìyọkúrò. Ẹ gbé nọ́ńbà 15 jáde, tàbí kí ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ ro ẹrù náà pọ̀ kó tó kọ fáìlì.