Ọmọ kòkó

Ọmọ kòkó ni igi kòkó kékeré tí a fi kóró gbìn, láti ìgbà tí ó bá ti yọrí nínú ilẹ̀ títí di ìgbà tí a ó kó o kúrò ní nọ́sìrì, ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ igi, lọ sí oko. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì, Ọ̀yọ́ àti Ògùn, inú ọ̀rá dúdú ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń tọ́ ọ. Àwọn mìíràn ṣì ń ju kóró méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò kan lóko gan-an, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe látijọ́.

Kóró kòkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àgbàdo tó gbẹ dáadáa lè di ọdún tó ń bọ̀ kó tún hù, ṣùgbọ́n kóró kòkó tó bá ti gbẹ ti kú nìyẹn. Nítorí náà, èyí tí a sá sóòrùn fún títà kò wúlò fún gbíngbìn. Nínú èso tí a kò tíì là, kóró lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí a bá ti là á, kò yẹ kí ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí ó tó wọlẹ̀. Èso tó gbó, tí àrùn kò sí lára rẹ̀, ni a ń lò. Bí kóró 30 sí 40 ni ó sábà máa ń wà nínú ọ̀kan, àwọn tó wà láàárín ló sì máa ń tóbi jù. A máa ń fi eérú ra wọ́n kí omi dídùn ara wọn lè kúrò, nítorí èèrà.

Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni a ń rọ sínú ọ̀rá, a ó sì lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró. Ẹni tí kò bá dá ibi tí gbòǹgbò ti ń yọ mọ̀ lára kóró a dá a dùbúlẹ̀, a sì fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, igi rẹ̀ á gbé kóró náà jáde kúrò nínú ilẹ̀, kóró á là sí méjì, ewé àkọ́kọ́ á sì yọ láàárín rẹ̀. Ewé ọ̀hún rọ̀ gan-an, oòrùn sì ń jó o, ìdí nìyí tí a fi ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé wọn lórí. Omi àpọ̀jù pẹ̀lú òjìji tó dí jù náà léwu: àrùn Phytophthora, tó ń sọ èso kòkó di dúdú lóko, lè jó ewé àti igi ọmọ kòkó ní nọ́sìrì. Tata náà fẹ́ràn ewé rẹ̀ púpọ̀.

Irú kóró tí a mú ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Amelonado, kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọ́kọ́ gbìn káàkiri, lè fi àtíkè òdòdó (lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tó ń mú kí igi so) ti ara rẹ̀ so èso, ọmọ rẹ̀ sì máa ń jọ ìyá. Kò ṣe nǹkan kan nígbà náà bí ènìyàn bá mú kóró lóko bàbá rẹ̀. Àwọn irú tó ti òkè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà wá yàtọ̀: púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ àtíkè igi mìíràn, àwọn kòkòrò kéékèèké ló sì ń gbé e kiri, ẹnikẹ́ni kò wá lè mọ bàbá ọmọ tó hù. Bí èso ìyá bá pọ̀, kò túmọ̀ sí pé ti ọmọ á pọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ń pèsè kóró tí a mọ ìyá àti bàbá rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọmọ kòkó ń lò ní nọ́sìrì. Bí ó bá pẹ́ jù níbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á ká kò nínú ọ̀rá. Ṣáájú kíkó rẹ̀ lọ, a máa ń dín imọ̀ ọ̀pẹ kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni a ń gbìn ín sóko, mítà mẹ́ta síra wọn, èyí tó jẹ́ igi 1,111 lórí hẹ́kítà kan, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti gbìn ṣáájú fún òjìji. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló ń pa wọ́n jù, a ó sì fi òmíràn dí àlàfo àwọn tó kú nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀.